Ọjọ́ Tí Bọ́ọ̀sì Gun Òkè Lófìfo

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí aago mẹ́fà bá kọjá ogún ìṣẹ́jú, obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aránṣọ máa ń mú ìyá rẹ̀ lápá dé ibùdókọ̀ ìsàlẹ̀ òkè. Bọ́ọ̀sì káńsù ló ń gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù lókè. Bí wọ́n bá débẹ̀, ìyá á wọ yàrá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìránṣọ nísàlẹ̀ ilé kan náà, níbi tó ti ń lẹ aṣọ ibùsùn tó ya, tó ń gán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù àwọn nọ́ọ̀sì. Wákàtí mẹ́rin ni ìyá ń lò lára ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá yọ abẹ́rẹ́ lára rẹ̀ tán, ara rẹ̀ á rọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi rẹ̀ jáde, kò sì ní lè rìn ju láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù dé ẹsẹ̀ bọ́ọ̀sì, ìyẹn ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlógójì. Aránṣọ ti kà á.

Ẹni tí ara rẹ̀ le, bí ó bá fẹsẹ̀ gun òkè yẹn, á gbà á ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí náà, Aránṣọ kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kí bọ́ọ̀sì tó dé, ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ló fi ń rìn ín lójoojúmọ́, òjò ìbáà rọ̀, ó sì rìn ín pẹ̀lú oyún ní ọdún kejì, oyún tí kò dúró.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé funfun kan yọ lára òpó ibùdókọ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì, òun ló kọ́kọ́ dúró kà á. Ìwé náà ní owó tí ìlú ń ná ti pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ, pé káńsù yóò gé ìnáwó kù, pé bọ́ọ̀sì òkè sì wà lára ohun tí wọn yóò tún gbé yẹ̀ wò. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ti bá ìjọba gbé pẹ́ mọ̀ pé bí wọ́n bá ní àwọn ń gbé nǹkan yẹ̀ wò, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ wọn.

Takisí kan ṣoṣo tó ń gun òkè náà, ohun tó ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kan ju owó iṣẹ́ Aránṣọ lọ. Ọ̀nà tó kù kò ju ẹyọ kan lọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní ìlú ńlá, ọsibítù wà lódìkejì títì ilé rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ ìyá pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìyá kò fẹ́. Ó ní yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n fẹ́ fún òun níbẹ̀, ògiri ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Ó ní inú ilé tí òun ti ṣe opó fún ọdún mọ́kàndínlógún ni òun ti fẹ́ kú, lórí ibùsùn tí egungun òun ti mọ ojú rẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá lọ, ìyá náà lọ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Olùkọ́ ni Aránṣọ gbà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Olùkọ́ ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò fi ìwé sílẹ̀. Òun ló ń tọ́jú yàrá ìkàwé àdúgbò, yàrá gígùn kan tó ní tábìlì mẹ́fà àti òrùlé tó ń jò lápá kan. Lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nígbà tí Aránṣọ jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó ṣì ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ka gba owó iṣẹ́, inú yàrá yẹn ni Olùkọ́ ti di ọwọ́ rẹ̀ mú tó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń fa lẹ́tà, ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀, ọdún méjì gbáko. Kò fi í ṣẹ̀sín rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rẹ́rìn-ín, ọjọ́ tí Aránṣọ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ sí ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé, tó fi í sínú àpò ìwé, tó lẹ̀ ẹ́, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un nídìí ààrò.

Olùkọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, ó sì ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ẹgbẹ́ ti dìde. Inú yàrá ìkàwé ni wọ́n ti ń pàdé. Olùkọ́ di alága, Aránṣọ di akọ̀wé. Nígbà tó ní òun ò lè ṣe é, Oníbúrẹ́dì, obìnrin sísanra tó ń gbé búrẹ́dì tí kò tà wá sípàdé, ní a kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ, pé bí ọwọ́ tó ń rán aṣọ dókítà bá lè gbọ̀n níwájú bébà, kí dókítà má tún wọ aṣọ náà mọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Aránṣọ gba ìwé.

Òun ló ń kọ lẹ́tà ẹgbẹ́, Olùkọ́ á sì fi bírò pupa rẹ̀ tún un ṣe. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin ni Aránṣọ fi ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé kí àwọn èèyàn lè fọwọ́ síwèé. Ajá ya etí yẹ̀rì rẹ̀ ní ojúlé kejìlélógún òpópónà àwọn oníṣẹ́ igi, ó jókòó sẹ́nu géètì wọn, ó rán an, ó sì kan ilẹ̀kùn kẹtàlélógún. Ọwọ́ tó rí gbà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà tí wọ́n gbé e dé káńsù, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ fi ìka ṣí ìwé náà gbẹrẹgẹdẹ, ó ní ẹni tó fọwọ́ síwèé kọ́ ni ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní àwọn máa rán ènìyàn wá ka èrò fúnra àwọn, ní ọjọ́ iṣẹ́ kan, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Inú ẹgbẹ́ dùn sí èyí, nítorí ẹni tó bá ń ka èrò bọ́ọ̀sì yẹn á rí èrò. Láàárọ̀, ìdúró ni òmíràn ń dúró gun òkè. Ní ìpàdé mẹ́ta léra, Oníbúrẹ́dì bi Olùkọ́ léèrè bóyá káńsù ti dárúkọ ọjọ́. Olùkọ́ ní ìwé kankan kò tíì dé.

Ní ìpàdé kẹrin ni Olùkọ́ dá ìmọ̀ràn ìrìn. Ó ní káńsù kò mọ ohun tí òkè yẹn jẹ́, nítorí mọ́tò ni wọ́n fi ń gùn ún. Ó ní kí gbogbo àdúgbò fẹsẹ̀ rìn ín lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú aṣọ àkọlé, kí ẹnikẹ́ni má wọ bọ́ọ̀sì lọ, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ bọ̀, láti àárọ̀ títí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn á fi wọlé, kí ìlú lè fojú rí ayé tí kò ní bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo wọn létí. Aránṣọ nìkan ló béèrè pé ṣé kò ní dára kí ó jẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí àwọn èèyàn kò lọ síbi iṣẹ́. Olùkọ́ ní rárá, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin. Ó ní ìrìn ọjọ́ ìsinmi, fàájì ni wọ́n máa pè é. Aránṣọ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ẹgbẹ́, ó sì fa igi sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, aago mẹ́fà kò tíì lù tó ti dé ibùdókọ̀. Iṣẹ́ tí Olùkọ́ fún un ni pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bọ́ọ̀sì, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ ìdí tó fi ń ja ìjà náà. Ó rọ àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù. Ó rọ ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ọsibítù, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń wú, ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. Aránṣọ dì í lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Àǹtí mi, nítorí ìyá mi. Òní nìkan."

Obìnrin náà wo òkè, ó wo Aránṣọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Bọ́ọ̀sì kọjá lára wọn nígbà tí wọ́n rìn dé ilé-epo. Awakọ̀ rẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí pé ìgbín lè bá a sáré, ń tẹ fèrè ọkọ̀ láìdáwọ́ dúró, ó sì ń fi ọwọ́ kan juwọ́ bíi pé ó ń lé eṣinṣin. Wọ́n rò pé ó ń kí wọn kú ìjà. Wọ́n hó, wọ́n gbé aṣọ àkọlé sókè. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó di nǹkan kékeré kan mú sí orúnkún. Yàtọ̀ sí i, kò sí ẹnì kan nínú ọkọ̀ náà. Oníbúrẹ́dì ní ẹ wò ó, bọ́ọ̀sì dà bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀, inú gbogbo wọn sì dùn pé ìlú ti gbọ́ràn.

Ìyá náà rìn. Wọ́n ní kó má wá, ó ní ara òun ni wọ́n ń jà lé, òun ò lè jókòó sílé. Kò ju kọ́nà àkọ́kọ́ lọ. Olùkọ́ ló mú un lápá débẹ̀, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká a sórí òkúta fún un kó jókòó, ó sì dúró tì í títí tó fi mí délẹ̀. Aránṣọ bojú wẹ̀yìn rí wọn, ó sì dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé Ọlọ́run fún òun ní irú ẹni yìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àbájáde jáde. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde nínú gbọ̀ngàn káńsù, ẹgbẹ́ sì ní kí akọ̀wé wọn lọ kà á. Ó gba àyè ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ó wọ bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin ni. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ní ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin, bọ́ọ̀sì òkè rìn nígbà mẹ́sàn-án, èrò tó wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò ju mẹ́rin lọ. Ó ní àwọn ará àdúgbò pàápàá ti fi hàn lọ́jọ́ kan náà pé òkè náà ṣeé fẹsẹ̀ rìn. Bọ́ọ̀sì yóò dáwọ́ dúró nígbà tí oṣù kẹfà bá parí.

Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ́kàn ni pé orí ló bá wọn jà, pé nínú gbogbo ọjọ́ tí ń bẹ láyé, ọjọ́ ìrìn wọn ni káńsù ṣèèṣì mú. Ó ṣí ojú ìwé dé ìkẹyìn. Ẹ̀dà lẹ́tà kan ló wà níbẹ̀. Káńsù kọ ọ́ sí alága ẹgbẹ́ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta, wọ́n ní gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, àwọn ń fi tó o létí pé ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ni àwọn yóò ka èrò. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó gbà á kọ ọ́ pé òun ti rí i, ó sì fi ọjọ́ sí i. Bírò pupa ni. Aránṣọ kò wo orúkọ. Ọwọ́ tó kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ̀wé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a túmọ̀ rẹ̀.

Ó dúró níwájú pátákó náà títí tí ẹ̀ṣọ́ fi bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní kò sí. Lójú ọ̀nà, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló gbé e padà. Kò tíì jókòó dáadáa tí ọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì wà níwájú.

"Mo tẹ fèrè fún yín títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá ka èrò jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n sì ní bí mo bá la ẹnu, iṣẹ́ mi bọ́. Mo lérò pé ó máa yé yín."

Aránṣọ ní kò yé àwọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, inú yàrá ìkàwé ló ti bá Olùkọ́. Ó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé àwọn ọmọdé kan tó já. Bó ti rí i, ó ní kó wá bá òun di etí rẹ̀ mú títí gúlúù á fi gbẹ, bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún mẹ́rìnlá. Ọwọ́ Aránṣọ sì lọ dì í mú kí ọkàn rẹ̀ tó dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà, ìwé kan láàárín àwọn méjèèjì.

"Olùkọ́, ọjọ́ wo lẹ rí ìwé tó ní wọ́n ń bọ̀ wá ka èrò?"

Olùkọ́ ń fi gúlúù pa ìwé. "Ta ló fi hàn ọ́?"

"Ẹ̀yin náà lẹ fi hàn mí. Ọwọ́ yín ni mo kà."

Olùkọ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì gúlúù kalẹ̀. Kò purọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń tún un sọ fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ pípẹ́. Ó ní ọkùnrin ìgbìmọ̀ yẹn pe òun nìkan, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ohun tó kù nínú àpò ìlú lè gbé ẹyọ kan, bọ́ọ̀sì tàbí yàrá ìkàwé, pé bí èrò bọ́ọ̀sì bá pọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kà á, yàrá ni wọ́n máa tì. Wọn kò fún un ní nǹkan kan. Ì bá jẹ́ pé ó gba owó, ì bá rọrùn fún Aránṣọ láti bínú sí i.

Ó ní, "Ọmọ mẹ́tàléláàádọ́ta ló ń wọ ibí lọ́sẹ̀. Òmíràn ò ní tábìlì nílé."

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé e síwájú wa, ká jọ wọ̀n ọ́n?"

"Torí mo mọ bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà. "Mo ro ti ìyá rẹ. Ọlọ́run gbọ́, mo rò ó. Ìyá rẹ ní ibi tó máa lọ, Aránṣọ. Àwọn ọmọ yìí ò ní."

Aránṣọ ṣì di ìwé náà mú. Ó ní, "Èèyàn lè yan ohun tó wù ú. Bẹ́ ẹ bá yan yàrá yín, kẹ́ ẹ sọ fún wa, ká jà. Àmọ́ èmi lẹ rán lọ sí ibùdókọ̀. Èmi ni mo di obìnrin tẹ́sẹ̀ ẹ̀ wú lọ́wọ́ mú tó fi sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi lẹ fi lé ìyá mi jáde nílé."

Olùkọ́ wo àwọn tábìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí Aránṣọ kò ní gbàgbé.

"Ìwé tí o fi kà á, níbo lo ti kọ́ ọ?"

Ó dùn ún wọ egungun nítorí pé òótọ́ ni. Ó fi ìwé náà lélẹ̀ kí gúlúù tó gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tún là.

Ilé búrẹ́dì ló ti sọ ọ́ fún ẹgbẹ́, nítorí wọn kò lè pàdé ní yàrá ìkàwé mọ́. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ó sọ ohun tó kà, ó sọ ohun tí Olùkọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ó ń retí pé iná á sọ. Ohun tó rí ni pé olúkúlùkù ń wo ilẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ẹnì kan ní Olùkọ́ ló kọ́ àbúrò òun tó di akọ̀wé ilé-ẹjọ́. Ẹlòmíràn ní àgbà náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Oníbúrẹ́dì, tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, ń fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀fun orí tábìlì jọ sójú kan.

Ó ní, "Ohun tó ṣe burú, Aránṣọ. Ó burú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi méjì ń kàwé níbẹ̀. Ṣé ká tún lọ ti ibẹ̀ pa ni?"

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Aránṣọ ní kí wọ́n kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n tún èrò kà, pé kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Mẹ́ta fọwọ́ sí i. Ìdáhùn dé láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ìlà méjì péré. Wọ́n ní alága yín mọ̀ sí ọjọ́ tí a ka èrò, ọ̀rọ̀ ti parí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Aránṣọ ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, àmọ́ kò mọ̀ pé bí a bá rí kòkòrò náà tán, àwọn ewé tó kù lè ní kí a má fọwọ́ kàn án.

Kò sọ fún ìyá. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ru, ó sì tún mọ̀ pé ìyá fẹ́ràn Olùkọ́. Ohun tí ìyá mọ̀ ni pé wọ́n jà, wọn kò ṣẹ́gun.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹfà ni àbúrò gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ẹrù ìyá kò pọ̀: àpótí aṣọ kan, ìrọ̀rí kan, rédíò, àti àga kékeré tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ibùsùn kò lè wọ ọkọ̀. Ìyá jókòó sórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀, ó sì dìde.

Wọ́n ti mú un dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ nígbà tí Olùkọ́ yọ ní orígun ilé, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Kò tíì wá sílé wọn láti ọjọ́ yàrá ìkàwé. Aránṣọ dúró síbi tó wà. Ìyá ni inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ti ń sọ ọ́ pé Olùkọ́ kò ní jẹ́ kí òun lọ láìwá kí òun, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí i. Olùkọ́ tẹrí ba gbà wọ́n.

"Olùkọ́, ẹ ṣé," ni ìyá wí. "Ẹ jà fún mi bí ọmọ bíbí inú mi. Mo rí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin náà bá dàgbà tí ẹsẹ̀ yín ò bá gbé yín mọ́, bí ẹ ti ṣe fún mi yìí gẹ́lẹ́, kí Ọlọ́run gbé ẹni dìde tí yóò ṣe é fún yín."

Àbúrò, tó ń ti ẹrù sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò mọ nǹkan kan, ṣe àmín kíkan. Olùkọ́ gbé ojú sókè sí Aránṣọ, ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹlòmíràn bá òun gbé nǹkan tó wúwo sọ̀. Aránṣọ wò ó. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan péré láti ẹnu òun lè dá àdúrà náà dúró. Kò sọ ọ́.

Ìyá kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo ń retí àmín yín, Olùkọ́."

Olùkọ́ sì ṣe é. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ìyá ní kó tún un ṣe kí òun gbọ́, ó sì tún un ṣe.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, Olùkọ́ dúró lójú ọ̀nà, ó pe Aránṣọ, kì í ṣe orúkọ tí àdúgbò ń pè é, bí kò ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ọ láti kọ. Aránṣọ ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kò yí padà.

Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, Olùkọ́. Mo fẹ́ tú ibùsùn."